Kíbọ́ọ̀dù Bluetooth lórí fóònù: ó kọ̀ kò sopọ̀, bẹ́ẹ̀ Yorùbá tó ní àmì ni mo fẹ́ fi kọ

Àbẹ̀ní_Ọ̀yọ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ibí. Eré orí rédíò ni mo máa ń kọ, orí fóònù Android ni mo sì ti ń kọ ọ́ látìgbà tí kọ̀ǹpútà mi ti dákẹ́. Àtàǹpàkò méjèèjì ti ń ro mí. Ni mo bá lọ sí Queen Cinema n'Ìbàdàn, mo ra kíbọ́ọ̀dù tí kò ní wáyà, irú èyí tó ṣeé ká sínú báàgì. Fóònù rí i, ó tiẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n bí mo bá ti tẹ orúkọ yẹn, á máa yí, á máa yí, á ní kò ṣeé ṣe.

Ìbéèrè mi kejì rèé. Bó bá tiẹ̀ wá sopọ̀, ibo ni n ó ti rí ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn? Lẹ́tà Òyìnbó nìkan ni wọ́n kọ sórí rẹ̀. Ọmọ tó tà á ní, "Màámi, ẹ ṣáà máa lò ó, ó máa gbé e jáde." Kò gbé nǹkan kan jáde. Ẹ dákun, ẹ gbà mí.

Ọmọ_Ọ̀tígbà

Àǹtí mi, ẹ kú ìnáwó. Ọ̀tígbà n'Ìkẹjà lèmi ti ń tà á, irú ẹjọ́ yìí ni wọ́n ń gbé wá bá mi ṣáá. Nígbà tẹ́ ẹ tẹ orúkọ rẹ̀, ṣé nọ́ńbà kankan yọ lójú fóònù? Ó sábà máa ń jẹ́ mẹ́fà. Bó bá yọ, orí kíbọ́ọ̀dù yẹn gan-an lẹ ó ti tẹ nọ́ńbà náà, kì í ṣe orí fóònù, lẹ ó wá tẹ Enter sí i. Àwọn tó ń gbàgbé Enter yẹn pọ̀ jù. Wọ́n á tẹ nọ́ńbà tán, wọ́n á jókòó, fóònù náà á jókòó.

Àbẹ̀ní_Ọ̀yọ́

Kò sí nọ́ńbà kankan tó yọ o. Kò tiẹ̀ dé ibẹ̀.

Ọmọ_Ọ̀tígbà

Ó dáa. Ọmọ tó tà á, ṣé ó fi fóònù tirẹ̀ dán an wò lójú yín kó tó gba owó?

Àbẹ̀ní_Ọ̀yọ́

Bẹ́ẹ̀ ni. Ó tẹ "hello" níbẹ̀, gbogbo wa rí i.

Ọmọ_Ọ̀tígbà

Ọ̀rọ̀ ti tán. Fóònù ọmọ yẹn ṣì ni kíbọ́ọ̀dù yín ń wá kiri. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nìyí: ẹ kọ́kọ́ lọ sí ibi Bluetooth lórí fóònù, ẹ tẹ orúkọ kíbọ́ọ̀dù náà, kẹ́ ẹ yan Forget. Ẹ wá padà sórí kíbọ́ọ̀dù. Ẹ wo bọ́tìnnì tó ní àmì Bluetooth lára, ẹ tẹ Fn mọ́lẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má jùwọ́ sílẹ̀ títí iná kékeré yẹn á fi máa ṣẹ́jú kíákíá. Ìgbà yẹn ló tó gbà pé kí fóònù tuntun wọlé. Bí iná kàn tàn tí kò ṣẹ́jú, kò tíì ṣetán. Ẹ wá tún wá a lórí fóònù bí ẹni tí kò rí i rí.

Àbẹ̀ní_Ọ̀yọ́

Ó ti wọlé!!! Nọ́ńbà yọ lọ́tẹ̀ yìí, mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ Enter. Ọlọ́run á bù sí i fún yín.

Ìyá_Dúró

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bi yín kí ẹ tó kọjá. Tèmi ò lo Bluetooth, nǹkan kékeré kan bí èékánná ló bá a wá, wọ́n ní kí n kì í bọ kọ̀ǹpútà. Ṣé fóònù lè lò ó?

Ọmọ_Ọ̀tígbà

Ó lè lò ó, màmá, ṣùgbọ́n ẹ máa ra OTG, ìyẹn ohun kékeré tó ń so nǹkan USB mọ́ fóònù, èyí tó bá ẹnu ihò ṣájà fóònù yín mu, ẹ ó wá fi nǹkan kékeré yẹn sẹ́nu rẹ̀. Kò sí pé ẹ ń wá orúkọ kankan nínú Settings, bẹ́ẹ̀ bá ti kì í bọ̀ ọ́, ó ń ṣiṣẹ́. Aburú rẹ̀ ni pé ẹ ò ní lè ṣájì fóònù lásìkò kan náà, àfi bí OTG yẹn bá ní ihò méjì. Ẹni tó bá ń kọ nǹkan gígùn, Bluetooth ni kó lò.

Olùkọ́_Ìsẹ́yìn

Mo kí gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè kejì, nítorí òun ló ń dààmú àwọn èèyàn jù.

Kíbọ́ọ̀dù kì í fi lẹ́tà ránṣẹ́ rárá. Nọ́ńbà ló ń fi ránṣẹ́. Bọ́tìnnì tí wọ́n kọ A sí lára, nọ́ńbà 4 ló ń rán sí fóònù, B ń rán 5, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Fóònù ló máa pinnu pé "4 yìí, lẹ́tà wo ni kí n fi hàn?" Nítorí náà, ohun tí wọ́n kọ sórí bọ́tìnnì kò kan fóònù. Àǹtí Àbẹ̀ní, ẹ má wá kíbọ́ọ̀dù Yorùbá kiri ọjà. Fóònù ni kẹ́ ẹ kọ́ ní Yorùbá.

Lórí Android, ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Physical keyboard. Ní Samsung, abẹ́ General management ló wà. Lórí àwọn yòókù, abẹ́ System tàbí ibi tí wọ́n ti ń ṣètò èdè ló máa ń wà. Kò ní yọ síta dáadáa bí kíbọ́ọ̀dù ò bá tíì sopọ̀, ẹ rántí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yan irú ìtò lẹ́tà tẹ́ ẹ fẹ́.

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Bí ìtò lẹ́tà gbogboogbò tí Android fi ń bẹ̀rẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ tẹ Alt pẹ̀lú E, ẹ jùwọ́ sílẹ̀, ẹ wá tẹ a: á di á. Ẹ tẹ Alt pẹ̀lú bọ́tìnnì tó wà lápá òsì nọ́ńbà 1, ẹ tẹ a: á di à. Àmì ohùn òkè àti ti ohùn ìsàlẹ̀ ti dé nìyẹn láìfi áàpù kankan sí i.

Àbẹ̀ní_Ọ̀yọ́

Olùkọ́, mo ti dán an wò. á, à, é, è, ó, ò, gbogbo wọn jáde. Inú mi dùn débi pé mo pe ọmọ mi wá wò ó. Ẹ wá sọ ti ẹ, ọ, ṣ fún mi.

Olùkọ́_Ìsẹ́yìn

Ibẹ̀ ló ti ń le. Ìtò lẹ́tà yẹn ò ní ọ̀nà kankan fún àmì abẹ́ lẹ́tà. Èmi, áàpù kíbọ́ọ̀dù kan tó ń jẹ́ Keyman ni mo lò. Ọ̀fẹ́ ni, àjọ SIL ló ni ín, ó wà fún Android. Ẹ gbé e sórí fóònù, ẹ wá Yorùbá nínú àkójọ èdè rẹ̀, ẹ mú ọ̀kan, ẹ sọ ọ́ di kíbọ́ọ̀dù tí fóònù ń lò. Ó máa ń gba ohun tẹ́ ẹ bá tẹ̀ láti orí kíbọ́ọ̀dù tòde náà. Ojú-ewé ìrànlọ́wọ́ kíbọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ bá mú níbẹ̀ ló máa sọ bọ́tìnnì tó ń mú àmì abẹ́ wá, wọn kì í jọra láti ọ̀kan sí èkejì.

Ọmọ_Ọ̀tígbà

Olùkọ́, ẹ̀yin lẹ ní sùúrù. Ohun tí mo máa ń sọ fún oníbàárà ni pé kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ wọn láìní àmì, kí wọ́n fi kíbọ́ọ̀dù sáré parí rẹ̀, kí wọ́n wá padà sẹ́yìn fi ọwọ́ fi àmì sí i lórí Gboard, kíbọ́ọ̀dù ojú fóònù tí Google ṣe. Gboard ní Yorùbá, ẹ kàn máa di lẹ́tà mú títí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ á fi yọ. Nínú Physical keyboard yẹn náà, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti ń ṣí Show on-screen keyboard. Bẹ́ẹ̀ bá ṣí i, ti ojú fóònù ò ní sá lọ bí tòde bá wọlé. Ẹ ó máa lo méjèèjì pọ̀.

Àbẹ̀ní_Ọ̀yọ́

Mo gbọ́ tẹ̀gbọ́n Ọ̀tígbà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ò gbà á. Àwọn òṣèré mi ń ka ìwé náà bí wọ́n bá ṣe rí i nínú ilé ìgbohùnsílẹ̀. Bí àmì bá dín, ibi tó yẹ kí olùgbọ́ ti sunkún ni wọ́n á ti rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí àmì máa bá lẹ́tà wọlé. Àmọ́ ti méjèèjì pọ̀ yẹn, mo máa lò ó fún orúkọ èèyàn.

Ẹ̀gbọ́n_Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o, láti Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ẹni tó bá ní iPad tàbí iPhone, ọ̀rọ̀ tiyín rọrùn ju ti Android lọ, ẹ má bínú pé mo sọ ọ́. So kíbọ́ọ̀dù pọ̀ ná, kó o lọ sí Settings, General, Keyboard, Hardware Keyboard, wá yan ABC – Extended fún Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí áàpù kankan.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́: Option pẹ̀lú X, jùwọ́ sílẹ̀, tẹ e. Lẹ́tà ẹ ti jáde. O fẹ́ kó di ẹ́? Bí lẹ́tà ẹ bá ti wà níbẹ̀, tẹ Option, Shift àti E lẹ́ẹ̀kan náà, àmì á gun orí rẹ̀. Fún ẹ̀, Option, Shift àti bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà 1. Ọ àti ṣ náà, Option X ló bẹ̀rẹ̀ wọn. Bó bá jẹ́ a tàbí i tí kò ní nǹkan lábẹ́, Option E tàbí Option ẹ̀gbẹ́ 1 ló máa kọ́kọ́ wá, lẹ́tà á tẹ̀ lé e. Lórí kíbọ́ọ̀dù tí wọn kò ṣe fún Apple, Alt ni Option.

Nínú ọjọ́ díẹ̀, ìka á mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Lẹ́tà gígùn ni mo fi ń kọ sí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa.

Olùkọ́_Ìsẹ́yìn

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ. Ẹ ẹ̀ rí i pé ìtò kan fún àmì tó ń ṣáájú lẹ́tà, òmíràn fún àmì tó ń tẹ̀ lé e? Ìdí rẹ̀ wà. Nínú Unicode, ìyẹn ìlànà tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà lórí ẹ̀rọ, lẹ́tà ẹ ní ààyè tirẹ̀, U+1EB9, é náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ ò ní ààyè kankan. Ọwọ́ méjì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, ẹ pẹ̀lú àmì tó ń rìn, U+0301. Nítorí náà bẹ́ẹ̀ bá tẹ bọ́tìnnì ìparẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àmì nìkan ló lè kúrò, tí lẹ́tà ẹ á kù síbẹ̀. Fóònù ò bàjẹ́ o.

Abíọ́lá_Akékọ̀ọ́

Ìyẹn ni?! Mo ti wá "Ọ̀ṣun" nínú iṣẹ́ àṣekágbá mi, áàpù ní kò sí, mo sì ń fojú ara mi wò ó níbẹ̀.

Olùkọ́_Ìsẹ́yìn

Ìyẹn gan-an ni, ọmọ mi. Ẹnì kan lè bẹ̀rẹ̀ láti Ọ, kó fi àmì sórí. Ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ láti Ò, á fi àmì sábẹ́. Ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ̀rọ yà wọ́n. Àwọn áàpù kan máa ń tún un tò fúnra wọn kí wọ́n tó wá a, àwọn kan ò mọ̀ ọ́n. Apá kan iṣẹ́ rẹ, ṣé orí fóònù lo ti kọ ọ́, apá kejì lórí kọ̀ǹpútà? Yan ọ̀nà kan ṣoṣo, kó o má yẹsẹ̀. Èyí tó sì ti wà nílẹ̀, da ẹ̀yà tí kò gbọ́ràn yẹn kọ láti inú ìwé rẹ fúnra rẹ̀, lẹ̀ ẹ́ sí ibi ìwákiri, fi èkejì pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ará_Kétu

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Láti Kétu ní Benin ni mo ti ń kọ̀wé. Kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tà níbí, ti Faransé ni, A ló wà níbi tí tiyín ti ń jẹ́ Q. Mo so ó mọ́ fóònù, mo tẹ A, q ló jáde. Mo tẹ Z, w. Mo rò pé wọ́n ti lù mí ní jìbìtì, àfi ìgbà tí mo ka ohun tí Olùkọ́ sọ nípa nọ́ńbà.

Olùkọ́_Ìsẹ́yìn

Ẹ káàbọ̀ o, ará Kétu. Bọ́tìnnì yẹn, nọ́ńbà 20 ló ń rán, Gẹ̀ẹ́sì sì gbà pé q ni 20. Ẹ lọ sí Physical keyboard, ẹ yan French. Ohun gbogbo á padà sípò.

Ará_Kétu

Ó ti padà. Ẹ ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá nínú ìwé ìjọba ọ̀dọ̀ wa yàtọ̀: ɛ àti ɔ la ń lò, sh la fi ń kọ ṣ yín, kp la fi ń kọ p yín. Nítorí náà kò sí àmì abẹ́ nínú ọ̀rọ̀ tèmi rárá, lẹ́tà méjì yẹn ni mo ń wá. Àwọn ọmọ mi tó wà ní Ìlọrin á kọ ọ́ bí tiyín, èmi á kọ ọ́ bí tiwa, a ṣáà ń gbọ́ ara wa lórí fóònù.

Olùkọ́_Ìsẹ́yìn

Inú Keyman náà ni kẹ́ ẹ ti wá a. Àkójọ wọn fún èdè ilẹ̀ Benin kò kéré.

Bàbá_Ṣómólú

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, mo ń rẹ́rìn-ín. Ní Ṣómólú tí mo ti ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé, a óò fi ẹ̀rọ taipúráítà tẹ ojú-ìwé tán, a óò wá fi báírò to àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn wa sì ti gbìyànjú lórí kíbọ́ọ̀dù. Konyin wà, ilé-iṣẹ́ Lagos Analysis Corporation ló ṣe é, Shift tó wà lára rẹ̀ ju méjì lọ kí lẹ́tà wa lè ráyè wọlé. Wọ́n tiẹ̀ gbé àwọn OLPC tó ń ṣe kọ̀ǹpútà kékeré fún àwọn ọmọdé lọ sílé ẹjọ́ l'Ékòó ní 2007, wọ́n ní wọ́n jí ọgbọ́n àwọn. Àwọn Yorubaname tó ń kó orúkọ Yorùbá jọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì náà ṣe tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́ fún Windows àti Mac. Ti fóònù ló ń rìn gbẹ̀rẹ́gbẹ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ fóònù ló wà lọ́wọ́ gbogbo ayé.

Àyìnlá_Aṣọ́nà

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún un, kì í ṣe láti dẹ́rù bà yín. Ní oṣù Kejìlá 2023, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Marc Newlin tú àṣírí ihò kan nínú ààbò Bluetooth síta: ẹni tó bá wà nítòsí yín lè ṣe bí ẹni pé kíbọ́ọ̀dù Bluetooth lòun, kó wọ inú fóònù yín láìjẹ́ pé ẹ tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" kankan, kó wá máa tẹ ohun tó bá wù ú. Google ti dí i fún Android 11 sí 14. Android 10 àti àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò rí àtúnṣe náà gbà. Àwa tí a ń ra fóònù àlòkù, ọ̀rọ̀ wa nìyí. Ẹ lọ wo About phone, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n tún ààbò fóònù yín ṣe kẹ́yìn. Bó bá ti wà ṣáájú oṣù Kejìlá 2023, ẹ máa pa Bluetooth bẹ́ẹ̀ bá ti kọ̀wé tán, pàápàá bẹ́ẹ̀ bá wà ní gáréèjì tàbí nínú ọjà.

Ọmọ_Ọ̀tígbà

Áà, ẹ̀gbọ́n Aṣọ́nà, ẹ fẹ́ ba ọjà mi jẹ́ ni 😂. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Àwọn tó fẹ́ ra fóònù lọ́dọ̀ mi, mo ń fi ojú-ewé yẹn hàn wọ́n.

Àbẹ̀ní_Ọ̀yọ́

Mo ti dé padà. Keyman ti ń ṣiṣẹ́, ẹ, ọ, ṣ ti ń jáde pẹ̀lú àmì wọn. Ìṣòro mẹ́ta ló kù. Èkíní, bí mo bá dìde lọ wo ọbẹ̀ níná tí mo padà, lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo bá tẹ̀ kì í jáde. Èkejì, nínú WhatsApp, bí mo bá tẹ Enter láti bọ́ sí ìlà tuntun, ọ̀rọ̀ ti lọ. Ọ̀gá rédíò ti gba ìdajì gbólóhùn lọ́wọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀kẹta, a ò ní iná láti àná, mo fi kíbọ́ọ̀dù sí páwà báǹkì, páwà báǹkì náà ń kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ọmọ_Ọ̀tígbà

Ti èkíní, kíbọ́ọ̀dù ti sùn ni. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí bátìrì má bàa tètè tán. Ẹ tẹ Shift ná, ẹ dúró díẹ̀ kó jí, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ti WhatsApp, ẹ lọ sí Settings rẹ̀, Chats, ẹ pa Enter is send.

Ti páwà báǹkì, kíbọ́ọ̀dù yẹn kì í fa iná púpọ̀. Páwà báǹkì á rò pé kò sí ẹni tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ òun, á pa ara rẹ̀. Ẹ kì fóònù bọ ihò rẹ̀ kejì kí méjèèjì jọ máa gbà á, kò ní kú mọ́. Àwọn páwà báǹkì kan ní ìlò fún nǹkan kékeré, ẹ tẹ bọ́tìnnì wọn lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n ń bọ́ sí i, ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ló ní in.

Ẹ̀gbọ́n_Peckham

Àbúrò mi Àbẹ̀ní, bó o bá tún ra kíbọ́ọ̀dù míì lọ́jọ́ iwájú, wo èyí tó ń rántí ẹ̀rọ mẹ́ta. Logitech K380 ni mò ń lò, F1 fún iPad, F2 fún fóònù, F3 fún kọ̀ǹpútà ọmọ mi. Bátìrì AAA méjì ló ń jẹ, kò sí ọ̀rọ̀ ṣíṣájì. Kì í ká ní tirẹ̀ ṣá, báàgì rẹ gbọ́dọ̀ gbà á.

Ọmọ_Ọ̀tígbà

Ẹni tó bá fẹ́ K380, kó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kó tó sanwó. Ayédèrú pọ̀ níta.

Àbẹ̀ní_Ọ̀yọ́

Gbogbo rẹ̀ ti yanjú, àfi ti páwà báǹkì tí mi ò tíì dán wò. Ìran kẹta eré tuntun ni mò ń kọ lọ́wọ́, Alt pẹ̀lú Tab ni mo fi ń fò láàárín ìwé mi àti WhatsApp, mi ò fọwọ́ kan ojú fóònù mọ́. Ẹni tó bá mọ bí mo ṣe lè mú kí fóònù dúró ṣánṣán lórí tábìlì láìra nǹkan tuntun, kó sọ fún mi o. Kọ́ọ̀pù ni mo fi ń tì í, ó ń yọ̀.

Ìyá_Dúró

Ẹ la etí páálí tí kíbọ́ọ̀dù yẹn bá wá, ẹ fi fóònù há a. Ọmọ mi ló kọ́ mi.